Ibi tí "Put Away" Wà Nínú Àgbàlá Wa

Bí omi bá ti fà lẹ́yìn ilé wa ní Borokiri, òórùn ẹrẹ̀ àti ti ẹja yíyan ló máa ń jí wa, kí àkùkọ tó kọ. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ kan wà lọ́dún 1969, ẹ̀rín ló jí mi. Mo yọjú síta, mo bá màmá mi láàárín àgbàlá, ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó ń sáré láti ìdí ààrò lọ sídìí ìkòkò omi. Àwọn ayálégbé dúró yí i ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Ogun ti kúrò ní Port Harcourt nígbà náà, bí kò tilẹ̀ tíì parí níbòmíràn. Bàbá mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹrù kíkó ní èbúté, ó sì ti ránṣẹ́ pè wá láti Ìlá, ìlú wa. Àmọ́ oúnjẹ wọ́n, iṣẹ́ ẹnì kan kò bọ́ wa yó. Bàbá sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé bí Màmá kò bá ríṣẹ́ kí oṣù tó parí, àwa méjèèjì yóò padà sí Ìlá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Ọdún méjì ni mo ti fi wà láìrí bàbá mi, n kò sì fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Màmá Ibim, obìnrin Okrika tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló ń dáná fún ìyàwó òyìnbó kan ní Old GRA. Ó ní màdáàmù náà ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú ilé, yóò sì dán ẹni náà wò lọ́jọ́ Sátidé.

"But Mama Àbẹ̀kẹ́, that woman no dey hear Pidgin o. Na so so put on, put out, put down, put away. If you miss am, e don finish."

Màmá mi kò dé ilé ìwé rí. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ohun tí ẹsẹ̀ bá mọ̀, orí kì í gbàgbé." Bí àgbàlá ṣe di ilé ìwé nìyẹn. Àtùpà ara ògiri ni "put on". Ìdí ààrò ni "put out". Òkúta tí ìkòkò omi jókòó lé ni "put down". Agbọ̀n àwo abẹ́ àtíbàbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ni "put away". Èmi ni mò ń pe ọ̀rọ̀ náà, òun ló ń sáré. Kí n tó pa ẹnu dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti yà síbẹ̀.

"Mama Àbẹ̀kẹ́, run! Police dey come!" ni Màmá Ibim ń kígbe.

"Laugh am well," ni Màmá dá a lóhùn. "Leg wey dey find chop no dey shame."

Lọ́jọ́ Sátidé, mo tẹ̀ lé e, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé ìdáná màdáàmù. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa, nítorí ohun tí màdáàmù ń dárúkọ wà níwájú wọn. Ìgbà tó yá ni màdáàmù wá ní kó "put away" àwọn àwo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù gbẹ. Màmá kó àwo funfun mẹ́fà, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó kọjá lára mi, ó kọrí sí géètì, kíá-kíá, bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ.

"Màmá, níbo lẹ ń lọ?"

"Ṣé ẹ̀gbẹ́ géètì kọ́ ni?" Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró.

Màdáàmù figbe ta. Mégádì dìde lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Mo ti ń rí ọkọ̀ Ìlá lójú mi.

Màmá wo géètì, ó wo àwo ọwọ́ rẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó padà wọlé, ó kó wọn sórí tábìlì. "Madam, abeg no vex. For our yard, na there e dey. Àbẹ̀kẹ́, sọ fún un."

Mo sáré wá sẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Please ma, in our compound, put away is near the gate."

Màmá kò dúró de ìdájọ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó di màdáàmù mú lọ́rùn ọwọ́, bí ẹni tó fẹ́ mú ọmọdé sọdá títì. "Show me, Madam. One time."

Wọ́n yí ilé ìdáná náà ká. Èmi ń pe ọ̀rọ̀ náà láti ẹnu ọ̀nà, màdáàmù ń nawọ́ sí i, Màmá ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ohun kọ̀ọ̀kan: kọ́bọ́ọ̀dù, sítóòfù, ibi tí wọ́n ń tẹ iná. Lẹ́ẹ̀kejì, ó dá yí i ká, kò ṣi ẹyọ kan. Màdáàmù ti ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ó ní, "Come back on Monday."

A kò yan ibì kankan fún "come back" nínú àgbàlá wa. Ṣùgbọ́n ìdílé tí ogun ti tú ká rí kì í béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Ìwé márùn-ún péré ni mo kà, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo sì fi ń yangàn pé èmi ni mo kọ́ màmá mi ní òyìnbó. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi kó gbogbo wa lọ sí ilé tuntun. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ní, "Grandma, ẹ ṣáà jókòó, gbogbo ẹ̀ ni mo máa bá yín ṣe." Mo di í mú lọ́rùn ọwọ́. Mo ní, "Fi ilé yìí hàn mí, ẹ̀ẹ̀kan péré." Bí ọwọ́ mi ṣe ń kan ògiri ni mo mọ ẹni tó jẹ́ tíṣà nínú èmi àti màmá mi.

A wá dé ibi tí wọ́n ń kó àwo sí. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ìta gan-an ni. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó, ọmọ náà ò sì mọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín.