Igi Fúrúùtù Ẹ̀yìnkùlé Àpèkẹ́

Wọ́n ní ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíì rí ní í sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ti Àpèkẹ́ yàtọ̀. Ó dé oko ẹlòmíì, ó bímọ síbẹ̀, ó gbọ́ Haúsá débi pé òun ló fi ń nájà ní ọjà Singer ní Kánò, síbẹ̀ ti bàbá rẹ̀ ló fi ń wọn ohun gbogbo. Kí òjò Kánò pẹ́ díẹ̀, á ní, "Àgbádárìgì ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ náà ti sú àwọn ará ilé.

Etí òkun ni wọ́n ti bí i. Afẹ́fẹ́ òkun kì í jẹ́ kí igi ibẹ̀ mọ ọ̀gbẹlẹ̀ dáadáa. Àgbọn kì í wọ́wé, máńgòrò kì í wọ́wé. Fúrúùtù ló máa ń wọ́wé ní tirẹ̀: ewé á pọ́n, á já, kí àwọn ọmọdé sì tó gbá a tán, titun ti ń yọ. Nígbà tí Àpèkẹ́ ń lọ sílé ọkọ, Albert ẹ̀gbọ́n rẹ̀ já èso kan fún un nínú àgbàlá wọn. Ó gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé ọkọ rẹ̀ nítòsí France Road. Lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá ti dé, omi tó fi fọ ìrẹsì, omi tó fi ṣan aṣọ, ìdí igi yìí ló ń dà á sí. Igi náà sì ń hùwà bí ará etí òkun nínú Sábóńgàrí.

Lọ́dún tó kọjá, Albert kú. Àpèkẹ́ lọ sìnkú, àárò ilé sì dá a dúró títí ọyẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí igi. Nígbà tó padà dé, igi náà dúró ní ìhòòhò bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n gbé lóòró. Ó ń ṣọ́ ọ láràárọ̀, kò rúwé.

"Ó ti tẹ̀ lé ẹni tó fún mi," ló wí.

Débọ̀ ọmọ rẹ̀, tó ti ń wá ibi tí yóò kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí, ti ń fojú wọn ilẹ̀ ìdí igi náà.

Ràhmátù, aládùúgbò wọn tí wọ́n bí sí Kánò, wá bẹ̀ ẹ́. "Mama, ẹ ṣe haƙuri, ẹ ní sùúrù. Igi ibí máa ń sùn ni. Ẹ jẹ́ ká dúró de damina. Tí òjò bá rọ̀ tí ò rúwé, kí ẹ wá gé e."

"Igi ilé bàbá mi nìyí, Ràhmátù, kì í ṣe igi ibí," ni Àpèkẹ́ fèsì. "Tiwa kì í sùn tó báyìí. Débọ̀, pe àwọn agégi wá."

Wọ́n gé e. Àpèkẹ́ ò jẹ́ kí wọ́n kó o lọ. Ó ní igi gbígbẹ ni, òun á fi dáná. Lọ́jọ́ kejì ó ki ẹ̀ka bíi mélòó kan bọ abẹ́ ìkòkò ògì. Wọn ò gbiná. Ó fẹ́ ẹ, ó da kẹrosíìnì sí i, èéfín bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Lójú ibi tí wọ́n ti gé e, omi ń hó jáde. Obìnrin tó ti ń dáná láti kékeré mọ igi tútù tó bá rí i.

Débọ̀ sáré jáde. "Mummy, smoke yìí ti pọ̀ jù. Ó ti ń pa yín lẹ́kún."

"Kì í ṣe èéfín," ni Àpèkẹ́ wí. "Igi yẹn ò kú, Débọ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n pa á."