Ìyá Àgbà Tí Kì Í Jẹ́ Kí A Sọ Pé Ẹ̀rọ Òun Kú

Háà, Ìyá Àgbà! Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ kan yé mi tán pátápátá, ọjọ́ náà ni ayé dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Tọ́ńtọ̀n Rẹ̀mí, àbíkẹ́yìn yín, ló pè mí láti Pobè. Ìlú Faransé ni mo wà, mo ń fọ abọ́. Ó ní, "Morẹ́nikẹ́, Ìyá ti sùn o." Inú mi tiẹ̀ dùn, nítorí mo gbọ́ gbólóhùn náà láìbéèrè ìtumọ̀. Mo ní, "Ó dáa, Tọ́ńtọ̀n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi. Tí wọ́n bá jí, ẹ bá mi kí wọn." Mo wá ń gbọ́ ẹkún àwọn èèyàn lẹ́yìn Tọ́ńtọ̀n. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ẹnu ara yín kọ́ mi ṣí ojú rẹ̀ kejì sí mi. Yéè! Ìyá mi, ìgbà wo la ó tún fojú kan ara wa?

Ẹ̀yin ará tí ẹ bá wa péjọ, ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Nínú ilé wa ní Pobè, ẹ̀rọ ló máa ń sùn. Ìyá Àgbà, ẹ ní ọ̀dínátọ̀ alágbèéká kan, irú èyí tí àwọn oníṣòwò tó ti Nàìjíríà wá ń pè ní láàpútọ́ọ̀pù. Òun lẹ fi ń jẹun. Nínú bútíìkì kékeré yín tó kọjú sí ọ̀nà ọjà, ẹ ń tẹ ìwé fún ará Pobè àti ará Sakété: ìwé ìwáṣẹ́, ìwé ìpè ìgbéyàwó, àti irú ìwé ìsìnkú tí ẹ̀yin èrò mú lọ́wọ́ yìí. Àlòkù lẹ rà á, ó sì ti gbó kí èmi tó mọ̀ ọ́n. Bátìrì rẹ̀ kì í gba iná dúró, bí ajere kì í ti í gba omi dúró. Lẹ́tà kan ti jábọ́ lára rẹ̀, ìdérí bíìkì ìkọ̀wé lẹ fi ń tẹ ojú ihò rẹ̀. Ẹ to ìdérí ìgò sábẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè ráàyè wọlé, débi pé Ìyá Sàkíràtù tó ń ta àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín a máa pariwo pé, "Ìyá oníwèé, bàtà ọmọ yín ti jẹ, ẹ ra òmíràn fún un!" Ẹ ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì dàgbà."

Nítorí iná tí kò ṣeé gbára lé, ẹ kì í tẹ ìlà kan kọjá kí ẹ tó pa á mọ́ sínú ẹ̀rọ. Bí ẹni ọlá bá wọlé, tó kí yín, ẹ ó gbé ọwọ́ sókè: "Ẹ jẹ́ n pa á mọ́ ná." Ìgbà yẹn lẹ ó tó dáhùn. Síbẹ̀ náà, ojú rẹ̀ a máa ṣú lójijì. Bí ooru bá mú un, á ké bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, á sì dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé ó kú. Ẹ ní a kì í fi ẹnu ikú pe ohun tó ń bọ́ni. Ẹ ó tú gèlè orí yín, ẹ ó fi bò ó, ẹ ó ní, "Ó sùn. Ẹ jẹ́ kó sùn tẹ́rùn." Tó bá pẹ́ díẹ̀, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, á jí. Ẹ wo ayọ̀ yín nígbà náà! Ẹ ó máa bi í bí ọmọ ọwọ́: "O jí ire bí?"

Mo rántí ọkùnrin oní-sẹ́mì kan, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, tó gun mótò rẹ̀ wá láti Aguidi. Àárín iṣẹ́ rẹ̀ ni ọ̀dínátọ̀ dákẹ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀rọ yín ti kú." Ẹ kò tiẹ̀ wò ó lójú, ẹ ní, "Bàbá ẹ ló kú! Ẹ̀rọ tèmi ń sùn ni." Ìwé ìsìnkú bàbá rẹ̀ gan-an lẹ ń tẹ̀. Ẹ fọwọ́ bo ẹnu, ẹ fẹ́ kúnlẹ̀, ẹ̀yin àgbà, níwájú ẹni tí ẹ tó bí lọ́mọ. Ọkùnrin náà di ọwọ́ yín mú, ó bú sẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ má kúnlẹ̀. Òótọ́ lẹ sọ. Láti ọjọ́ tó ti kú, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín." Ẹ parí ìwé náà, ẹ sì bá a lọ síbi ìsìnkú.

Ti àwọn Faransé ni lẹ́tà tó wà lára ọ̀dínátọ̀ yín, kò mọ àmì èdè wa. Bí ìwé bá jáde tán, ẹ ó wọ awò ojú, ẹ ó mú bíìkì, ẹ ó máa fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, tòkè tìsàlẹ̀. Mo bi yín léèrè pé ta ni yóò wò ó. Ẹ ní, "Opó kan ní Issaba ń sunkún ọkọ rere. Tí n kò bá fi àmì sí i, oko rere ló di, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ó máa bá a dárò." Ẹ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. Bí mo ṣe gba èdè ìyá mi padà nìyẹn. Ilé ìwé tí mo lọ lókè òkun kò ní in láti fún mi. Ẹ̀yin lẹ fi ṣóńṣó bíìkì kọ ọ́ sí mi lọ́kàn. Àbẹ̀kẹ́, orúkọ yín tó wà lójú ìwé àkọ́kọ́ yìí, èmi ni mo fọwọ́ fi àmì sí i. N kò jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe é.

Nígbà tí fàkáǹsì mi, ìsinmi tí mo ń wá lò lọ́dọ̀ yín, bá ti tán tí mo ti padà lọ, ẹ ó ti ìlẹ̀kùn bútíìkì, ẹ ó sún mọ́ ọ̀dínátọ̀, ẹ ó máa sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ fún mi: bí a ti ń kí ẹni tó ń ro oko, bí a ti ń kí ẹni tó ń dirun, bí a ti ń bẹ àgbà tí inú ń bí, àti oríkì ìdílé wa ní Sakété níbi tí wọ́n ti bí yín. Ohùn Ànàgó tiwa lẹ fi ń sọ ọ́. Ẹ ní, "Má jẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé bá ẹ tún un ṣe o." Kónẹ́ksọ̀n íńtánẹ́ẹ̀tì ní Pobè kò lágbára láti gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ ní kò burú, kí n wá fọwọ́ ara mi gbà á. Mo ti dé báyìí, Ìyá. N kò bá yín nílé.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, Tọ́ńtọ̀n tan ẹ̀rọ náà láti fi wá àwòrán yín. Ẹ̀rọ náà ké igbe kan tí a kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ó sì ṣókùnkùn. A gbé e lọ bá atúnẹ̀rọṣe ní Sakété, ẹni tí ẹ máa ń pè ní dókítà. Ó dẹtí sí i, ó sì rọra sọ fún wa pé ibi tó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ sí ló ti jẹ. Ó lè jí lẹ́ẹ̀kan sí i, fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn èyí kó lọ pátápátá. Ẹni tó bá ní irinṣẹ́ tó yẹ lè kó ohùn yín jáde láìjí i rárá, ṣùgbọ́n òun kò ní in, kò sì mọ ẹni tó ní in.

Tọ́ńtọ̀n fẹ́ kí a jí i lónìí, létí ibojì yín. Ó ní, "Ohùn ìyá mi ni. Ìwọ lè dúró de ọ̀la. Wo àwọn ìyá ìjọ wọ̀nyí, àwọn ọ̀rẹ́ Ìyá, ìgbà wo ni àwọn ó tó gbọ́ ọ?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ní mo ń ro ti àwọn ọmọ tí n kò tíì bí, tí wọn kò ní gbọ́ Ànàgó lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Faransé. Ó wò mí, inú ń bí i, ó sì ń sunkún. Ó ní, "Ṣé ìwọ ò lẹ́nu ni?"

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Sakété, aya Pobè, afàmì-sọ́rọ̀ tí kì í jẹ́ kí òkú olókùú wọlẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí kò pé, ẹ máa lọ. Ẹ má jẹ ọ̀kùn, ẹ má jẹ ekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún ni kí ẹ bá wọn jẹ. Mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀ wàyí, mo sì ń fi gbogbo ẹnu mi sọ ọ́: ẹ sùn re o, Ìyá mi.

Ẹ̀yin èrò tí ẹ ń ka èyí kí a tó gbéra lọ sin Ìyá ní Sakété, mo bẹ̀ yín, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọ̀dínátọ̀ náà wà lórí tábìlì ní pálọ̀. Tọ́ńtọ̀n ti gbà pé ohun tí ẹ̀yin àgbà bá fẹnu kò lé lórí la ó ṣe, èmi náà sì ti gbà. Ṣé kí a gbé e dání, kí gbogbo wa gbọ́ ohùn Ìyá lẹ́ẹ̀kan, kó sì tán síbẹ̀? Àbí kí a fi í sílẹ̀ títí a ó fi rí ẹni tó ní irinṣẹ́ náà, bí àwọn arúgbó wa kò tilẹ̀ ní sí láti gbọ́ ọ? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin, kí lẹ ó ṣe?