Aṣọ Tí Hurmat Kò Sè

Ní etí odò Luni, níbi tí àwa ti ń fi òǹtẹ̀ igi tẹ aṣọ, aṣọ obìnrin ló ń sọ ipò rẹ̀. Àwòrán òdòdó ni ti abilékọ, ẹ̀gún wẹ́wẹ́ ni ti opó. Hurmat ló ń tẹ méjèèjì fún àwọn darandaran. Kì í tẹ ẹ̀gún fún obìnrin tí wọn kò bá rí òkú ọkọ rẹ̀.

Bhoma, ọ̀kan nínú àwọn darandaran náà, da ràkúnmí wọ aṣálẹ̀, kò padà. Òjò rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn dé, òjò tún rọ̀. Jamku, ìyá rẹ̀, bá wá sọ́dọ̀ Hurmat.

"Tẹ aṣọ opó fún Dhapu, ìyàwó ọmọ mi."

"Ṣé ẹ ti rí òkú ni?"

"Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Bhoma ń dúró lẹ́yìn ọgbà, tó ń bèèrè omi. Bí mo bá bu omi jáde, n kì í bá ẹnì kankan. Bí Dhapu bá ṣì ń wọ òdòdó, ọmọ mi ò ní sinmi."

"Jamku, ní sùúrù."

"Ọkọ tìrẹ ń hanrun bíi ràkúnmí nínú ilé, o wá ń kọ́ mi ní sùúrù!"

Hurmat mú òǹtẹ̀ kan wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ẹnì kankan kò rí èyí tó mú. Omi álọ́ọ̀mù, èyí tó ń mú kí aró mọ́ aṣọ lára, ni ó fi tẹ aṣọ náà, omi náà kò sì ní àwọ̀. Nígbà tí aṣọ gbẹ, funfun lásán ni. Àfi tí a bá sè é pẹ̀lú gbòǹgbò pupa ni ohun tí a tẹ̀ tó ń jáde.

Lọ́jọ́ tí ó fẹ́ sè é, Dhapu wọlé.

"Ìyá, èmi náà ń gbọ́ ọkọ mi lẹ́yìn ọgbà. Ohùn rẹ̀ ni. Ṣé òùngbẹ máa ń gbẹ òkú ni?"

Hurmat ń ko iná.

"Kí lẹ tẹ̀ sí i, Ìyá?"

"Omi ti hó. Bí mo bá ki aṣọ bọ inú rẹ̀, wàá rí i."

Dhapu gbá etí aṣọ náà mú. Ooru ìkòkò bo ojú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Hurmat bu omi pa iná.

Ó sọ fún Jamku pé aṣọ náà ṣì ń sinmi kí òun tó sè é. Jamku bèèrè rẹ̀ títí tó fi kú. Òdòdó ni Dhapu ń wọ̀ títí dòní. Hurmat ti darúgbó, kò tẹ nǹkan mọ́. Tí a bá bi í, á ní òun ti gbàgbé òǹtẹ̀ tí òun mú lọ́jọ́ náà. Aṣọ funfun náà wà lórí igi àjà. Bí afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ bá dé nírọ̀lẹ́, aṣọ náà a máa mì, àwa tí a jókòó sísàlẹ̀ kì í gbójú sókè.