Ààlè Tí Mo Gbé Lọ sí Ilé-Ìwé

Òórùn koríko gbígbẹ tí ìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ni mo fi ń mọ̀ pé Sátidé ti dé nígbà ọyẹ́. Ìyá mi á ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, afẹ́fẹ́ tútù á wọlé bá wa lórí ẹní, ètè mi á ti gbẹ, á sì ti là. Ẹnikẹ́ni kì í jí mi. Mo mọ̀ pé bí mi ò bá dìde, wọ́n á lọ sóko láìmú mi dání, mi ò sì fẹ́ pàdánù ìrìn yẹn fún ohunkóhun.

Láti ilé wa ní Ìlá dé oko wa lọ́nà Òkè-Ìlá, ìrìn wákàtí kan ààbọ̀ ni fún ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìyá mi kì í kánjú. Wọ́n á gbé agbọ̀n karí, èmi á máa tẹ̀ lé wọn, ojú mi á wà nílẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ṣé ẹ rántí iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n máa ń ní ká mú wá sí ilé-ìwé? Àwọn kan á ra ìgbálẹ̀ lọ́jà, wọ́n á ní àwọn ló ṣe é. Èmi kì í rà. Ojú ọ̀nà oko ni mo ti ń ṣa tèmi: ìyẹ́ àparò, karawun ìgbín, èso igi tó ti gbẹ, èèpo igi tó ká bí awọ. Mo máa ń tò wọ́n sórí páálí, mo máa ń po ilẹ̀ pupa mọ́ omi láti fi kùn ún, mo sì máa ń fi èédú ya ìlà yí i ká. Òfin kan ṣoṣo ni ìyá mi ṣe fún mi. Ohun tó bá ti jábọ́ sójú ọ̀nà, mo lè mú un. Èyí tó bá ṣì wà lára igi, tàbí tí ẹnì kan fọwọ́ ara rẹ̀ gbé síbẹ̀, wọ́n á ní, "Àjíkẹ́, ojú ni kó o fi mú ìyẹn."

Nígbà tí mo wà ní pírámárì kẹrin, tíṣà iṣẹ́ ọwọ́ wa kéde pé iṣẹ́ tó bá dára jù, ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé ni àwọn máa gbé e kọ́ sí, níbi tí gbogbo òbí á ti rí i. Mo fẹ́ ẹ débi pé oúnjẹ ò wù mí jẹ mọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìyá mi yà sínú igbó láti ṣẹ́ igi, wọ́n ní kí n dúró de àwọn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i lára ọ̀pá kan lábẹ́ igi irú: karawun ìgbín mẹ́ta, ṣùkù àgbàdo kan, ìdì ìgbálẹ̀ tó ti gbó àti àjákù aṣọ pupa, wọ́n so gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń yí wọn díẹ̀díẹ̀. Mi ò tíì rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ewé gbígbẹ wà jọ gègèrè lábẹ́ rẹ̀, mi ò tilẹ̀ wo ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ ó bi mí pé ṣé ọmọ Ìlá ni mí tí mi ò mọ ààlè. Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá kó nǹkan síta tí kò fẹ́ kí wọ́n jí i, á fi ààlè síbẹ̀, ẹni tó bá sì rí i á bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ògbólógbòó bàtà tàbí imọ̀ ọ̀pẹ kan ni èyí tí mo máa ń rí. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ààlè lè lẹ́wà. Tàbí ó wá sí mi lọ́kàn, mo sì lé e lọ. Ó ti pẹ́, mi ò lè búra.

Mo já a, mo fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Nígbà tí a délé, mo tú u, mo tún un tò sórí páálí, mo fi ìyẹ́ sí etí rẹ̀. Tíṣà gbé e kọ́. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìníṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá mi wá wò ó. Wọ́n dúró níwájú rẹ̀, ẹ̀rín tí wọ́n rín wọlé sì kúrò lójú wọn. Wọ́n mọ aṣọ pupa yẹn. Ara ìró tí Ìyá Àbẹ̀ní máa ń ró wá sóko ni, opó àgbàlagbà tí oko wọn bá tiwa pààlà. Ìyá mi bi mí níbi tí mo ti rí i, mo sọ fún wọn. Wọn ò pariwo, wọn ò nà mí. Wọ́n tọrọ páálí náà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, a sì forí lé ọ̀nà oko nínú oòrùn ọ̀sán, tèmi taṣọ ilé-ìwé lọ́rùn. Ìrìn yẹn ni mo kọ́kọ́ kórìíra láyé mi.

Ewé gbígbẹ ọjọ́sí ti fọ́n káàkiri. Èbù iṣu tí Ìyá Àbẹ̀ní tọ́jú sábẹ́ rẹ̀ de òjò àkọ́rọ̀ ni wọ́n ti kó lọ, ó ku mẹ́ta tó ti rà. Ẹni tó kó o kò rí àmì kankan pé ẹnì kan ló ni ín. Gbogbo ohun tí Ìyá Àbẹ̀ní fẹ́ gbìn lọ́dún yẹn nìyẹn.

A padà sí Ìlá lọ bá wọn nílé wọn. Mo kúnlẹ̀, ìyá mi rojọ́. Ìyá Àbẹ̀ní gba páálí, wọ́n wò ó pẹ́, kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo ṣì ń retí kí wọ́n sọ pé ó dára. Ohun tí wọ́n sọ nìyí: "Mi ò ṣe é fún ẹwà. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi débẹ̀ lójoojúmọ́ mọ́, ọmọ mi. Òun ni mo ní kó máa bá mi dúró."

Ìdajì èbù tiwa ni ìyá mi kó fún wọn. Èmi ni mo rù ú, ní Sátidé lẹ́yìn Sátidé, ọrùn mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú èjìká. Nígbà tó pé, Ìyá Àbẹ̀ní ní kí n so ààlè tuntun. Wọn ò fọwọ́ kàn án, wọ́n kàn ń júwe ni: ibi tí mo máa gbé okùn gbà, bí mo ṣe máa ta á ní kókó, àti pé ojú ọ̀nà ni kí n kọ ẹnu karawun sí, nítorí ẹni tó ń bọ̀ la ṣe é fún. Ẹnikẹ́ni ò fún mi ní máàkì lórí ìyẹn.

Ìyá mi ti lọ, Ìyá Àbẹ̀ní ti lọ tipẹ́. Oko ti di tèmi. Èmi náà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní iṣẹ́ ọwọ́, inú fóònù ni àwọn tòní ti ń wo igi tí wọ́n ń yà. Mi ò lè bá wọn wí, èmi tí ọ̀kadà ń gbé sáré gba ọ̀nà yẹn kọjá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí mi ò rí ewé kan. Orúnkún mi ò gba ìrìn mọ́. Ó rẹ̀ mí, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan.

Lọ́yẹ́ yìí, mo kó èbù sábẹ́ igi irú, mo fi ààlè sí i. Lánàá ni ọlọ́kadà mi lọ bá mi wò ó. Ó ní èbù pé, ṣùgbọ́n ààlè ti lọ, òun sì rí ipa ẹsẹ̀ ọmọdé nínú eruku. Ó ní òun máa wá ọmọ náà rí, òun á sì fi ẹgba yé e. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ọmọ tó fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ ni, tí ojú rẹ̀ sì rí nǹkan.

Ṣùgbọ́n èbù wà níbẹ̀, kò sí ohun tó ń bá mi dúró tì í. Láàárọ̀ yìí, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń so òmíràn, mo sì kọ ẹnu karawun rẹ̀ sójú ọ̀nà.