"Ọkọ Mi" Lórí Wáífáì Ilé Wa

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ya àwòrán náà sí. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ká a sínú àpótí aṣọ mi, n kò sì lè jù ú nù. Ẹni tó bá rí i yóò rò pé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọdé ni: àpótí kan láàárín, ìlà tó ń jáde lára rẹ̀ lọ sọ́tùn-ún àti sósì, orúkọ ní ìdí ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ikú bàbá mi ni mo yà á. Ilé wa ní Sabon Gari, ní Kano, kò jìnnà sí Ibo Road. Bàbá bàbá mi tó jẹ́ akọ̀wé rélùwéè ló kọ́ ọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí gbogbo wa sí. Mo ti ń gbé ní Zoo Road ní tèmi, níbi tí iṣẹ́ mi wà, ṣùgbọ́n mo kó ẹrù díẹ̀ padà wá sílé kí màmá mi má baà dá nìkan ṣe opó. Mo bá wàhálà kékeré kan níbẹ̀. Dátà ilé kì í lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kó tó tán, bẹ́ẹ̀ àwa méjì péré la wà nínú ilé iwájú. Ní òdì kejì àgbàlá, yàrá ẹ̀yìn ni àbúrò bàbá mi obìnrin ń gbé. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é, màmá mi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ tó bá ń bá àwa ọmọ sọ̀rọ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Kò bímọ, ilé ọkọ kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ilé bàbá rẹ̀ ló sì padà sí láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré.

Oníbìínú ènìyàn ni mí, n kò fi pa mọ́. Ọ̀fọ̀ sì tún máa ń bu epo sí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo jókòó ti rúta, àpótí tó ń pín wáífáì, ní pálọ̀, mo fi ọ̀rọ̀ aṣínà tó wà ní ìdí rẹ̀ wọ inú rẹ̀ lórí fóònù mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ gbogbo ohun tó so mọ́ ọn. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ń jẹ wá ní dátà. Rúta ló wà láàárín. Àpótí kékeré kan tún wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń gba nẹ́tíwọ̀kì lọ́wọ́ rúta, tó sì ń tì í lọ sí ẹ̀yìn.

Bàbá àti màmá mi ló fún gbogbo wọn lórúkọ. Mo bá wọn lẹ́nu rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan tí mo wá kí wọn: àwọn méjèèjì jókòó sórí àga gígùn, màmá mi ń pe orúkọ, bàbá mi ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ iléèwé. Tẹlifíṣàn ni "Aláriwo". Fóònù tèmi ni "Àkọ́bí", nítorí ó máa ń so mọ́ ọn tí mo bá wá. "Dádì" wà nísàlẹ̀ pátápátá, àwọ̀ eérú, kò so mọ́ nǹkan kan. Mo gbà pé tábúlẹ́ẹ̀tì bàbá mi tó ti bàjẹ́ kó tó kú ni. Lẹ́yìn náà ni mo rí "Ọkọ mi". Àwọ̀ ewé ni, ó so mọ́ àpótí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́.

Fóònù bàbá mi ti sọnù ní ọjọ́ tó kú ní ọsibítù. A wá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a tú àpò, a bẹ àwọn nọ́ọ̀sì, kò sí ẹni tó rí i. Ó wá di pé fóònù ọkọ màmá mi wà láyé, ó sì wà nítòsí ògiri wa. Ẹni tó jí i ń gbé láàárín wa nìyẹn, ó tún ń fi dátà wa gbádùn. N kò bi màmá mi. Ẹkún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró láàárọ̀ yẹn ni, n kò sì fẹ́ tún tú u sílẹ̀. Mo tẹ "Ọkọ mi", mo dí i lọ́nà. Mo fi bírò pupa fa ìlà gbòòrò kọjá lórí rẹ̀ nínú àwòrán mi, mo sì kọ OLÈ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti ṣe nǹkan kan fún bàbá mi.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé bàbá mi ti ra fóònù ńlá, tó ń lo wáífáì ilé nìkan, fún Àǹtí. Mo ṣì ń rò pé fóònù oníbọ́tìnnì àtijọ́ ni tirẹ̀. Orúnkún òun àti màmá mi ti kọṣẹ́, kò sì rọrùn fún wọn láti máa sọdá àgbàlá. Etí Àǹtí sì ti wúwo, kò lè gbọ́ ìpè fóònù dáadáa. Nítorí náà, láràárọ̀, wọ́n máa ń gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ síra wọn. Àǹtí yóò gbé e sétí, yóò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó dáhùn. Màmá mi kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé tí àmì ẹ̀gbẹ́ ohùn òun bá ti di búlúù, wọ́n ti gbọ́ òun nìyẹn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, bí mo ṣe ń jáde lọ síbi iṣẹ́, mo bá Àǹtí lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì méjì, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń pè ní adaidaita ń dúró dè é. Ó ní òun fẹ́ lọ gbé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun kan ní Gwagwarwa, nítorí ibẹ̀ sún mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì òun. Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ mi mú.

"Ṣé ẹ̀yin ọmọ lẹ jọ pinnu ẹ̀?"

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìsìnkú ló ń sọ. Kano níbí la sin bàbá mi sí, a kò gbé e lọ sí ìlú wa, Àǹtí kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí, gbogbo wa la jọ pinnu ẹ̀." Ó ní, "To, ó dáa." Ó wọ adaidaita, kò bojú wẹ̀yìn. Mo sọ fún màmá mi lálẹ́ pé Àǹtí ti lọ.

Dátà kò yéé tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo rí i pé "Aláriwo" ni olè gan-an: tẹlifíṣàn ń fa nǹkan wálẹ̀ fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, bí a tilẹ̀ pa á. Mo tún un ṣe. N kò padà sórí "Ọkọ mi", nítorí olè yòókù náà tọ́ sí ohun tí mo ṣe fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà, mo gbé ògì wọlé fún màmá mi, mo bá a tó ń wo fóònù rẹ̀.

"Ọkọ mi ò dá mi lóhùn mọ́," ó ní. "Àràárọ̀ ni mo ń kí wọn."

Ọkàn mi bàjẹ́. Mo gbé ògì sílẹ̀, mo dì mọ́ ọn, a jọ sunkún. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi." Ó ní bóyá wọ́n fẹ́ sinmi lóòótọ́. Kò tún sọ ọ́ mọ́.

Ọjọ́ Túsìdeè kan lọ́sàn-án ni ọ̀rẹ́ Àǹtí pè mí láti Gwagwarwa pé kí n máa bọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Ó jẹun tán, ó ní òun fẹ́ rẹjú díẹ̀, kò sì jí mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà kó báàgì Àǹtí àti fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Kò pariwo mọ́ mi, ìbá sì sàn kí ó pariwo.

"Ẹ má bínú o, amma wọ́n ní ẹ ti gé àwọn kúrò lára wáífáì ilé yín. Wọ́n ní àwọn ò ní dúró dìgbà tẹ́ ẹ máa gbé bẹ́ẹ̀dì àwọn síta. Àràárọ̀ ni wọ́n ń gbọ́ ohùn àtijọ́, wọ́n á ní ìyàwó àwọn ti gbàgbé àwọn."

Inú adaidaita, lójú ọ̀nà, ni "ìyàwó" yẹn ti tú gbogbo rẹ̀ fún mi. Mo mọ̀ pé obìnrin a máa pe gbogbo ẹbí ọkọ rẹ̀ ní ọkọ, àtọkùnrin àtobìnrin, títí dórí ọmọ ọwọ́. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ṣùgbọ́n Hausa ni mo fi ṣeré dàgbà ní àdúgbò yìí, nínú etí tèmi ọkọ kan ṣoṣo ni màmá mi ní. Bàbá mi ni "Dádì". Ó ti wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọ̀ eérú, mo sì fojú fò ó.

Mo jókòó sí pálọ̀, mo ṣí ọ̀nà fún "Ọkọ mi". Ó di àwọ̀ ewé lójú ẹsẹ̀. Fóònù Àǹtí tó wà lórí itan mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. "Ìyàwó mi" ni orúkọ ẹni tó ń ránṣẹ́, ohùn lórí ohùn, wọn kò tètè tán. Mo gbé èyí tó kẹ́yìn sétí.

"Ọkọ mi, ẹ káàárọ̀. Tí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi. Ilé yìí tóbi jù fún èmi nìkan."

N kò tíì dé yàrá màmá mi láti sọ fún un pé Àǹtí ti kú. Mo ṣì ń wá ẹnu tí n ó fi sọ ọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá. Láti ìgbà ikú bàbá mi, n kò tíì gbọ́ ọ kí ohùn rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀.

"Wá wò ó o, ó ti di búlúù. Ọkọ mi ti gbọ́ mi."