Obìnrin Tó Ń Tọ́ Ẹ̀fọn Dàgbà

Ìyá Ẹ̀fọn ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kò bí ẹ̀fọn, kò sì jọ ẹ̀fọn. Obìnrin sísanra ni, ìrìn rẹ̀ kò yá, ẹ̀rín kò sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí aráyé ń gbá ẹ̀fọn pa mọ́ ara ògiri, òun ń fún tirẹ̀ lóúnjẹ, ó ń pààrọ̀ omi fún wọn, wọ́n sì ń sanwó oṣù fún un lórí ẹ̀. Aládùúgbò tó bá rí ẹ̀fọn nínú ilé a máa ránṣẹ́ sí i pé kó wá mú ọmọ rẹ̀, ó ti ṣìnà. Á dá wọn lóhùn pé àwọn ọmọ tòun kì í jáde láìgbàyè, ọmọ àìlẹ́kọ̀ọ́ lèyí tí wọ́n rí yẹn.

Ilé ìwádìí àìsàn kan ló ti ń ṣiṣẹ́, agbálẹ̀ ló sì kọ́kọ́ jẹ́ níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ti kú nígbà náà, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló kù sí i lọ́wọ́. Kí ọmọ yẹn tó dé, ó ti bí obìnrin kan rí. Ibà ló mú un lọ, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ògiri mú rìn. Kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ń nu ilẹ̀ yàrá ẹ̀fọn, tó gbọ́ tí Dókítà ń sọ fún àwọn àlejò pé ìwádìí ibà làwọn ń ṣe níbẹ̀, ó dáwọ́ dúró. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ó bi Dókítà bóyá wọ́n ń wá ẹni tó máa bá wọn tọ́jú àwọn nǹkan kéékèèké yìí. Dókítà, obìnrin tí Ìyá Ẹ̀fọn lè bí lọ́mọ, wò ó lójú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀fọn ni o." Ìyá Ẹ̀fọn ní òun ti rí i.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ sì ni. Ẹ̀fọn tí èèyàn rò pé kò sóhun tó ń pa á, ẹ gbà á tọ́ kẹ́ ẹ wò ó. Inú àwo funfun pẹrẹsẹ ni tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn tí kò tíì hu ìyẹ́, ń gbé, wọ́n á máa jó nínú omi bí ọmọ ilé-ìwé tí aago ìṣeré lù fún. Oúnjẹ ẹja tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n ń jẹ, ìka méjì la sì fi ń bù ú, bí ẹni ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Tó bá pọ̀ jù, omi á bàjẹ́, wọ́n á kú. Tí kò bá tó, wọ́n á máa jẹ ara wọn. Tí tanwíjí bá gbó, á ká kò bí ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja, kò ní jẹun mọ́, wọ́n á wá fi rọ́bà kékeré fà á sínú kọ́ọ̀bù, wọ́n á gbé e lọ sí yàrá kejì, sínú àgò tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bò. Ibẹ̀ ló ti ń hu ìyẹ́. Yàrá yìí máa ń gbóná, ó sì máa ń rin, bíi balùwẹ̀ tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ omi gbígbóná jáde níbẹ̀.

Yàrá àgò ní èèwọ̀ tirẹ̀: kò sí lọ́fíńdà, kò sí pọ́dà, kò sí ìpara olóòórùn, aṣọ funfun nìkan sì ni wọ́n ń wọ̀ wọ ibẹ̀. Ìyá Ẹ̀fọn, tí pọ́dà kì í wọ́n lọ́rùn rẹ̀ látìgbà èwe, fi pọ́dà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní bí ọkọ òun bá jí dìde lónìí, yóò wá òun títí, torí òórùn pọ́dà ló fi ń mọ̀ pé òun wà nílé.

Ní ọdún tí à ń sọ yìí, abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun kan ló gbà wọ́n lọ́kàn. Dókítà ti ṣàlàyé rẹ̀ fún Ìyá Ẹ̀fọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, òun náà sì ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó bá ṣèèṣì jókòó tì í. Bí ẹ̀fọn bá mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kòkòrò ibà wà lára rẹ̀, kòkòrò náà á bá ẹ̀jẹ̀ wọ ikùn ẹ̀fọn, á sì so kókó mọ́ ara ikùn náà bí èso. Kókó yẹn á bẹ́, ọmọ kòkòrò á tú jáde, wọ́n á rìn títí dé ibi tí itọ́ ẹ̀fọn wà. Ẹni tí ẹ̀fọn náà bá tún jẹ ti gbé e nìyẹn. Ohun tí abẹ́rẹ́ tuntun yìí ń wá ni pé kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó gbà á bá kòkòrò jà nínú ikùn ẹ̀fọn, kí kókó má lè so. Ẹni tó gbà á lè ní ibà tirẹ̀ o, ṣùgbọ́n ibà náà kò ní tọwọ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ará ilé kejì.

"Abẹ́rẹ́ aládùúgbò rere ni," Ìyá Ẹ̀fọn máa ń wí. "Ìwọ lo máa jẹ ìrora, ẹlòmíì ló máa sùn."

Àwọn kan ti yọ̀ǹda ara wọn. Apá kan gba abẹ́rẹ́ tuntun, apá kejì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àìsàn mìíràn, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tí wọ́n fún òun. Ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn ti wà nínú fíríìjì. Wọ́n máa pò ó mọ́ kòkòrò ibà tó ń dàgbà nínú ìgò, nínú yàrá kan tó ní ilẹ̀kùn méjì, wọn á wá gbé e fún ẹ̀fọn mu. Kòkòrò inú ìgò yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Tó bá gbó tán, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tí kò bá sí ẹ̀fọn tó tó mu ẹ̀jẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, iṣẹ́ oṣù púpọ̀ ti wọgbó. Ọwọ́ Ìyá Ẹ̀fọn ni ẹ̀fọn sì wà.

Àsìkò yẹn gan-an ni ẹ̀rọ ìfọṣọ ilé iṣẹ́ dákú. Dókítà ní kí kálukú mú aṣọ funfun rẹ̀ lọ sílé, kó fi ọṣẹ tí kò lóòórùn fọ̀ ọ́. Ìyàwó ọmọ Ìyá Ẹ̀fọn ló gba tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní àgbàlagbà kì í fọṣọ nígbà tóun wà nílé.

Ìyàwó yìí wà nínú oyún. Ọ̀nà jíjìn ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń bá ìyá ọkọ gbé. Oyún tó kọ́kọ́ ní ti wálẹ̀ mọ́ ọn lára nígbà tí ibà kọ lù ú, látìgbà náà kò sóhun tó ń bẹ̀rù láyé bí ẹ̀fọn. Tó bá gbọ́ ohùn ẹyọ kan létí, kò ní sùn títí yóò fi rí òkú rẹ̀. Ẹ wá wo ibi tí orí gbé e kọ́ sí, ilé Ìyá Ẹ̀fọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ẹ̀fọn wọ yàrá àgò, ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ àgò, wọ́n na ẹsẹ̀ sókè. Àwọn tó ṣẹ́ kù ń fò ní ẹ̀gbẹ́ kan bí ọ̀mùtí. Ó pààrọ̀ omi ṣúgà wọn, ó fi òwú tuntun sí i, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, ó ń rìn láti àgò dé àgò. Ibi tó bá rìn dé ni ikú ń bá a dé. Kò mọ̀.

Dókítà rò pé omi ni. Wọ́n yẹ omi wò. Wọ́n yẹ ṣúgà wò. Ọkùnrin tó ń la ikùn ẹ̀fọn wò lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, tí wọ́n ń pè ní Alápatà, ní bóyá ẹ̀fọn wọ̀nyí gbọ́ pé ọwọ́ òun ni wọ́n ń bọ̀ ni wọ́n ṣe yára kú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, Dókítà ní kí gbogbo wọn bọ́ aṣọ funfun wọn. Ó gé díẹ̀ lára apá aṣọ kọ̀ọ̀kan, ó fi í sínú kọ́ọ̀bù, ó kó ẹ̀fọn díẹ̀ sí i, ó fi nẹ́ẹ̀tì dé e. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò. Ẹ̀fọn tó wà pẹ̀lú aṣọ Alápatà ń fò kiri. Ti Dókítà náà ń fò. Nínú kọ́ọ̀bù Ìyá Ẹ̀fọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣubú.

Ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Dókítà kò bá a wí. Ó ní kó máa lọ sílé ná, kó wẹ̀, kó fọ irun rẹ̀, kó má sì wọ yàrá àgò mọ́ títí ìdánwò yóò fi kọjá.

Ó bá ìyàwó níbi tó ti ń ká aṣọ. Ó jókòó láìbọ́ bàtà.

"Ìyàwó mi, kí lo fi sí aṣọ iṣẹ́ mi?"

Ìyàwó ní ọṣẹ tí wọ́n ní kóun fi fọ̀ ọ́ náà ni. Ìyá Ẹ̀fọn tẹjú mọ́ ọn. Aṣọ tó wà lọ́wọ́ ìyàwó, ó ká a, ó tú u, ó tún un ká.

"Mọ́mì, mo fín in. Lẹ́yìn tí mo lọ̀ ọ́ tán. Oògùn ẹ̀fọn alágolo yẹn."

"O fín in."

"Kí wọ́n má baà jẹ yín níbi iṣẹ́ ni, mà." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Kí wọ́n má baà tẹ̀ lé yín wálé."

Inú ti fẹ́ bí Ìyá Ẹ̀fọn. Ó ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n ó rí i nínú ọkàn rẹ̀ bí òun ṣe gbé aṣọ olóró wọ̀, tí òun ń lọ láti àgò dé àgò bí ìyá tó ń kí ọmọ, tí òun ń bi wọ́n pé kí ló ṣe yín, ẹ̀rín sì gbé e láìròtẹ́lẹ̀. Ó rín in títí omi fi jáde lójú rẹ̀, a ò sì lè sọ pé ẹ̀rín nìkan ló mú omi náà jáde.

"Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani," ló wí. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló tún wà láyé yìí tó máa fín oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n á sọ pé ó jẹ̀bi? Ilé wa nìkan ni."

"Ṣé wọ́n máa lé yín níbi iṣẹ́?"

"Mi ò mọ̀. Bóyá ẹ̀fọn máa wà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń rò."

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó ní òun yóò tẹ̀ lé e lọ tọrọ àforíjì. Dókítà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó wá béèrè bí oyún ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ló mú un dé ojú gíláàsì tí èèyàn lè ti wo inú yàrá àgò, ó sì sọ fún un pé kò sí ibà lára ìkankan nínú wọn. Ó ní ẹ̀fọn kì í bá ibà wáyé, ara èèyàn ló ti ń kó o.

Ìyàwó wo inú gíláàsì títí. Ó ní, "Àṣé àwa náà là ń kó o ràn wọ́n."

"Àwa náà ni," ni Dókítà wí.

Ohun tó kù fún wọn ni tanwíjí. Nínú yàrá tanwíjí, ọ̀rá ìdáàbòbò ni wọ́n ń so mọ́ ọrùn, kì í ṣe aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, nítorí omi máa ń ta síni lára. Ìdí nìyẹn tí oògùn kò fi dé ibẹ̀. Wọ́n pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kéré lọ́jọ́ orí, kòkòrò inú ìgò sì ń gbó lọ. Dókítà gbà kí Ìyá Ẹ̀fọn dúró tì wọ́n. Ó pín wọn sí àwo púpọ̀ kí wọ́n má baà há ara wọn mọ́, torí tanwíjí tó rí àyè ló ń tètè gbó. Ó fi kún ooru yàrá díẹ̀díẹ̀ bí Dókítà ṣe ní kó ṣe. Ó ń bu oúnjẹ sí wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ń bú wọn. Èyí tó bá ká kò, á fà á jáde, á gbé e fún Alápatà lẹ́nu ọ̀nà.

Alápatà ló wá di olùtọ́jú yàrá àgò, ọwọ́ rẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n. Ìyá Ẹ̀fọn á dúró sẹ́yìn gíláàsì, á máa kígbe pé òwú yẹn ti rin jù, wọ́n máa rì sínú ẹ̀. Alápatà á ní Mọ́mì, ẹ jẹ́ n simi. Ìyá Ẹ̀fọn á ní ìwọ tó jẹ́ pé òkú wọn nìkan lo mọ̀.

Wọ́n hu ìyẹ́. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò pé, ẹ̀fọn wà. Kò pọ̀ tó bí Dókítà ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ó tó. Nínú yàrá onílẹ̀kùn méjì, wọ́n fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ mu, ẹ̀jẹ̀ olúkúlùkù nínú kọ́ọ̀bù tirẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni Alápatà bẹ̀rẹ̀ sí la ikùn.

Ìyá Ẹ̀fọn ń pààrọ̀ omi lọ́wọ́ nígbà tí Dókítà ní kó wá. Alápatà dìde fún un lórí àga. Ó fojú sí awò. Ó rí ikùn ẹ̀fọn kan, kókó ti so mọ́ ọn yíká, róbótó róbótó. Ó mọ ohun tó ń wò. Alápatà wá pààrọ̀ rẹ̀ sí òmíràn, láti inú kọ́ọ̀bù mìíràn. Ìyá Ẹ̀fọn wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, ó ní kó bá òun fà á sọ́tùn-ún. Kò sí kókó kan níbẹ̀. Ikùn náà mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Kò gbé ojú kúrò. "Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

"A ò tíì mọ̀, Mọ́mì," ni Dókítà dáhùn. "Nọ́ńbà ló wà lára ẹ̀, kì í ṣe orúkọ. Ó dìgbà tí wọ́n bá tú u. Ó sì lè jẹ́ pé a kàn ṣe kòńgẹ́ ni, ẹ̀fọn kan ò tó ẹ̀rí."

Ìyá Ẹ̀fọn ní òun gbọ́. Ó tún wò ó pẹ́ títí, tó bẹ́ẹ̀ tí Alápatà fi bi í bóyá ó ń sùn ni.

"Ẹni yòówù kó jẹ́," ló wí nígbà tó dìde, "ẹ bá mi kí i. Ẹ ní ìyá kan ló ní kẹ́ ẹ kí i."

Nígbà tí wọ́n tú nọ́ńbà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ọ̀pọ̀ nínú ikùn tó mọ́ jẹ́ ti àwọn tó gba abẹ́rẹ́ tuntun. Kì í ṣe gbogbo wọn. Dókítà ní ọ̀nà ṣì jìn, pé wọn á tún ìdánwò náà ṣe, ẹ̀fọn tí wọ́n á lò yóò sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyá Ẹ̀fọn bi í pé mélòó. Dókítà sọ iye rẹ̀ fún un. Ó pòṣé, ó so ọ̀rá mọ́ ọrùn, ó lọ wá àwo sí i.