Sájẹ́ǹtì Ní Ìṣẹ́jú Mẹ́ta, Ilé Ìwòsàn Ní Gbogbo Ọjọ́

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kú láàárọ̀ Ọjọ́rú tó kọjá, lórí bẹ́ǹṣì onípákó tó wà níwájú yàrá dókítà, nílé ìwòsàn ìjọba àdúgbò wa. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó, ó sì lọ. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni. Wákàtí kan ṣáájú ìgbà yẹn, ó ti na jàgùdà mẹ́ta nínú gbọ̀ngàn kan náà, tòun ti ṣòkòtò tó já bọ́ dé kókósẹ̀.

Ẹ rẹ́rìn-ín, mo fún yín láyè. Àwa náà ti rín in títí ìhà fi ń dùn wá. Ẹ̀gbọ́n mi tó di opó rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíṣìnnì, ẹ̀rín di ẹkún, ẹkún tún padà di ẹ̀rín, èmi náà sì jókòó tì í, a ò mọ èyí tá à ń ṣe mọ́. Bí ẹ bá rí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò pa lẹ́rìn-ín rárá, ẹ bi í léèrè dáadáa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilé ìwòsàn yẹn ló ti ń ṣiṣẹ́.

Sájẹ́ǹtì ni gbogbo ayé ń pè é. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi ṣe sọ́jà, ó sì ja ogun tí àwọn tó dá a sílẹ̀ kò dé ibẹ̀ rí. Nígbà tó wá ń fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, tẹ́ẹ́rẹ́ ló rí, èèyàn á máa bẹ̀rù kí afẹ́fẹ́ má gbé e. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì ni ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, tó ń yọ, tí kò dúró. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan.

"Bọ̀dá Sájẹ́ǹtì, ikùn yìí ńkọ́?"

"Ìyàwó mi," ó ní. Bó ṣe ń pè mí nìyẹn, torí àbúrò ìyàwó ẹni, ìyàwó ẹni náà ni. "Ebi pa ikùn yìí lójú ogun. Mo ṣèlérí fún un pé tá a bá délé láyọ̀, màá tọ́jú ẹ̀. Sọ́jà kì í yẹ àdéhùn."

Òkè kẹrin ni wọ́n ń gbé. Tó bá ń gun àtẹ̀gùn, ní gbogbo òkè tó bá dé, á kanlẹ̀kùn àwọn ará ilé. "Ẹ ǹlẹ́ ńbẹ̀ o! Ara ọmọ yín ti yá? Omi ẹ̀rọ yín ṣì ń jò?" Gbogbo ilé ń sọ pé ọkùnrin yìí mà lọ́yàyà o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nìkan la mọ̀ pé èémí ló ń wá, ìkíni ló fi ń bojú. Síbẹ̀, ẹni tó bá fi ọdún mẹ́wàá wá èémí lẹ́nu ọ̀nà yín, ó ti di ẹbí yín nìyẹn. Nígbà tí ìròyìn ikú rẹ̀ dé, òkè kìíní ni ẹkún ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣe bí òun náà ṣe máa ń ṣe, ó ń dúró ní òkè kọ̀ọ̀kan títí ó fi kàn wá lára.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ń bí mi nínú. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ilé ìwòsàn yìí kan náà ń wá ẹ̀ṣọ́. Jíjókòó ti sú Sájẹ́ǹtì, ló bá wọ bàtà sọ́jà rẹ̀, ó dán an, ó lọ. Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ ní kóun wọn ìbàdí rẹ̀. Téèpù kò yí i ká. Wọ́n so téèpù méjì pọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó sáré yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó rìn ín dé ìdajì ìkíní, ó jókòó sórí bíríkì tó wà nídìí òdòdó, ó wá béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀ṣọ́.

"Ọ̀gá, níbo la gan-an ń sáré lọ? Tí ẹ̀ṣọ́ bá mọ eré sá, ta ló máa dúró ṣọ́lé?"

Wọ́n fún un ní ìwé tí wọ́n kọ ìlà ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí: Ó sanra jù. Kò lè sáré. Kò lè jà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó ya á dànù. Sájẹ́ǹtì kọ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, gbogbo ìgbà tó bá sì fẹ́ mú oúnjẹ, á kọ́kọ́ kí ìwé náà bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá sọ́jà. Mo rò pé àwàdà ni. Lọ́jọ́ kan tí kò mọ̀ pé mò ń wo òun, mo rí i tó dúró síwájú fíríìjì yẹn, kò kí i, kò ṣí i, ó kàn ń ka ìlà kẹta. Ó sọ ọ́ fún mi nígbà tó yá pé sọ́jà tó ti dàgbà, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ìjà tó kù nínú ẹ̀. Ó ní gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀ ni kéèyàn mọ ìgbà tó máa ná an.

Ọjọ́rú dé. Sájẹ́ǹtì lọ fún àyẹ̀wò àyà tó máa ń ṣe lóṣooṣù. Wọ́n fún un ní páálí kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, mẹ́tàdínláàdọ́ta, ó sì jókòó ti ìyá aránṣọ kan tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ìyá aránṣọ yìí ló wá sílé wa tó rò fún wa, kò sì fo nǹkan kan.

Ó ní jàgùdà mẹ́ta já wọlé, ọ̀kan mú ọ̀bẹ, ọ̀kan mú ọ̀pá irin, ẹ̀kẹta kò mú nǹkan kan àfi ẹnu, ẹnu ọ̀hún sì pọ̀. Wọ́n gbá nọ́ọ̀sì kékeré kan mú, wọ́n ní kó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn wá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ńkọ́? Há, ẹ̀ṣọ́! Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fo fẹ́ǹsì lẹ́ẹ̀kan náà, bàtà ẹnì kan ló ṣẹ́ kù sílẹ̀. Ìyá aránṣọ ní òun ò rí irú eré bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Ṣé ẹ rí i pé ìdánwò ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ kò parọ́? Ẹni tó mọ eré sá ló ń wá, ẹni tó mọ eré sá ló sì rí.

Sájẹ́ǹtì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó kó o fún ìyá aránṣọ pẹ̀lú páálí nọ́ńbà.

"Ìyá, ẹ bá mi di èyí mú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba ipò mi o. Mi ò ní pẹ́."

Ó dìde, ó fa bẹ́líìtì rẹ̀ yọ. Bẹ́líìtì sọ́jà ni, ó ní irin ńlá lójú, ẹ̀gbọ́n mi sì ti fi awọ bàtà àtijọ́ lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó lè yí ikùn ká. Bí bẹ́líìtì ṣe jáde báyìí, wòó, ṣòkòtò dé ilẹ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ni ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ olódòdó tí ẹ̀gbọ́n mi fi aṣọ fèrèsé tó ṣẹ́ kù rán fún un. Àwọn jàgùdà wo ọkùnrin náà, wọ́n wo òdòdó, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá aránṣọ ní ẹ̀rù ń ba òun gan-an, àmọ́ òun ṣì rí i pé ojú rírán ṣòkòtò náà gún régé.

Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kò lè jà. Irin bẹ́líìtì ti bá ọrùn ọwọ́ ọlọ́bẹ kó tó pa ẹnu dé, ọ̀bẹ fò sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ẹni tó mú ọ̀pá irin fi gbogbo agbára sáré kọlu ikùn Sájẹ́ǹtì. Ikùn yẹn kò yẹ̀. Ọkùnrin náà ta padà bíi bọ́ọ̀lù, ó ṣubú, Sájẹ́ǹtì sì jókòó lé e lórí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jókòó sórí àga nílé ara rẹ̀. Ẹlẹ́nu sáré wá fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọ. Sájẹ́ǹtì kò tiẹ̀ dìde. Ó gbá a létí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹlẹ́nu náà sì jókòó sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu tó fi ń pariwo. Ìyá aránṣọ wo aago ara ògiri: kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n hó. Sájẹ́ǹtì fa ṣòkòtò sókè, ó fi ọwọ́ kan dì í mú, ó fi ọwọ́ kejì kí gbogbo gbọ̀ngàn. "Wọ́n ṣe ní mi ò lè jà mọ́?" ló sọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá ṣòkòtò yẹn ṣèèṣì já ni. Ó nu ojú, ó ní, "Ṣèèṣì kẹ̀? Àìmọye ìgbà ló ti sọ fún mi pé ọ̀tá tó bá ń fi ẹ́ ṣẹ̀sín, ìdajì ìjà ti parí."

Ibi tí ẹ̀rín mi dúró sí nìyí. Ọkùnrin náà lọ síbi fèrèsé akọ̀wé, òógùn bò ó. Ó ní, "Ọmọ mi, àyà ń fún mi." Akọ̀wé ní, "Baba, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹ padà síjòkòó, nọ́ńbà mọ́kànlélógójì ló ṣì wà lọ́dọ̀ dókítà." Ìyá aránṣọ figbe ta: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹni tó gbà yín là nìyẹn!" Akọ̀wé nawọ́ sí ìwé tó wà lára fèrèsé. "Ìyá, òfin ni. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá wà lára ẹ̀ ló ń ṣíwájú."

Ta lẹ́jẹ̀ wà lára ẹ̀? Àwọn jàgùdà ni! Ọ̀kan fẹnu ṣẹ̀jẹ̀, ọ̀kan bó lágbárí, ọ̀kan bó lọ́wọ́. Wọ́n gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá níwájú Sájẹ́ǹtì lọ bá dókítà, ọlọ́pàá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì dúró tì wọ́n. Nọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sáré wọlé lẹ́ẹ̀mejì láti bẹ̀bẹ̀ fún baba tó gbà á. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ rán ojú ọgbẹ́ àwọn eléyìí tán. Ẹ̀bi Sájẹ́ǹtì náà kúkú ni. Ó jà dáadáa jù. Ká ní ó jẹ́ kí ọlọ́bẹ ya òun lápá díẹ̀, à bá jọ wà nílé lónìí, òun á máa bú mi pé mi ò wá kí òun.

Ó jókòó. Ó bi ìyá aránṣọ pé, "Wọn ò gba ipò mi?" Ìyá ní, "Rárá o, mo dì í mú." Ó ní, "Ó dáa." Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn. Ẹ wá gbọ́ èyí: lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé òkú rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì, akọ̀wé pe nọ́ńbà mẹ́tàdínláàdọ́ta. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Páálí náà wà lọ́wọ́ ìyá aránṣọ. Akọ̀wé ní, "Kò sí ńlé," ó sì fò ó.

Àwọn àgbà ní ìgbà tí a bá kú là ń dère, èèyàn ò suwọ̀n láàyè. Ère wo ni Sájẹ́ǹtì dà? Ìwé kan wà lára ògiri ilé ìwòsàn báyìí, mo lọ kà á fúnra mi. Wọ́n ní àwọn ẹ̀ṣọ́ wa tó já fáfá ti lé àwọn ọlọ́ṣà dànù. Lé? Ta ló lé ta? Àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀, ẹni tó sọ bàtà nù ti ra òmíràn. Orúkọ Sájẹ́ǹtì kò sí níbẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ olùdarí, ó ní ìwádìí ń lọ lọ́wọ́, ó ní kí n ṣe sùúrù. Sùúrù? Sùúrù la jókòó ṣe lórí bẹ́ǹṣì yín tá a fi gbé òkú wálé!

Mi ò bínú sí akọ̀wé ojú fèrèsé tán pátápátá, òfin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lójú ló ń kà. Ta ló kọ òfin yẹn? Ta ló fọwọ́ sí i? Nígbà tí nọ́ọ̀sì bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ta ló dá a padà lẹ́ẹ̀mejì? Àwọn èèyàn yìí lórúkọ, wọ́n ní ọ́fíìsì, a fẹ́ rí wọn lójú. Ẹ yọ òfin ẹ̀jẹ̀ yẹn kúrò lára fèrèsé. Ẹ yọ irọ́ yẹn kúrò lára ògiri, kẹ́ ẹ sì kọ òótọ́ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò béèrè ju ohun kan lọ ní tirẹ̀. Ìwé ara fíríìjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ kí ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fagi lé ìlà kẹta yẹn, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé ọkùnrin yìí lè jà.

Páálí nọ́ńbà mẹ́tàdínláàdọ́ta ti dé ọwọ́ wa. Ìyá aránṣọ ló dá a padà pẹ̀lú awò ojú, ó ní òun ṣèlérí pé wọn ò ní gba ipò baba. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, èmi, ẹ̀gbọ́n mi, ìyá aránṣọ àti gbogbo ará òkè kìíní dé òkè kẹrin máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ẹ pe nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ wá rí i bóyá ó wà ńlé tàbí kò sí. Ẹ pe ọlọ́pàá tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ pe ẹ̀ṣọ́ yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú. Àwa ò mọ eré sá.